Kíláàsì Tí Wọ́n Ń Tì Láti Ìta

Láti ìta ni wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì wa. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ olùkọ́, wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó mú bírò dání. Ó ní, "Bàbá kékeré, wọ́n ní ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìwé nígbà ayé àwọn ṣọ́jà. Ọgbọ́n wo lẹ fi ń mú kí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ẹni tó wà níwájú?" Ìbéèrè yẹn wú mi lórí, mo tún jókòó dáadáa. Mo ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí n wo ibi tí ilẹ̀kùn wà." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà ni mo wá ń kọ ọ́ báyìí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ife àti abọ́ oníke ni mo ti ń jẹun nígbà náà, ní Ìkẹjà, lápá ibi tí ògiri ilé iṣẹ́ kan ti ń fara ti ògiri òmíràn títí tó fi dé ojú irin Agége. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti Oko Ọba nírọ̀lẹ́, a máa ń mọ̀ bóyá màlúù tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ìgbà Sáàpù ni. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò nílò àlàyé. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́njú, kó ṣáà mọ̀ pé búrẹ́dì ń kéré sí i, owó rẹ̀ ń tóbi sí i, àwọn ṣọ́jà sì ń sọ fún wa lórí rédíò pé ká ní sùúrù. Ilé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa ti kógbá wọlé. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ó ń dún lónìí, ó ń dákẹ́ lọ́la. Tiwa ṣì ń dún, àwa tó wà nínú rẹ̀ sì ń rọra mí, bí ẹni tó gbé fìtílà nínú afẹ́fẹ́.

Bí mo ṣe di tíṣà, ẹ̀rín ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tán, mo fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé ìwé mọ́dà, mo sì tètè fa ẹsẹ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n lásìkò ìsinmi ọ̀sán, mo máa ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà sókè fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Níbi tí epo bá ti mu ìròyìn náà, èmi ni mo máa ń parí rẹ̀ láti orí ara mi. Mo ti yọ mínísítà níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀rọ kan wá gé ìka òṣìṣẹ́ kan, tó sì jẹ́ pé wọ́n kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sára ẹ̀rọ náà, máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sọ pé àfi ká dá ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè kàwé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni máníjà yìí, ó mọ́ tónítóní, kì í pariwo. Ó ní, "Ta ló mọ̀wé nínú yín?" Gbogbo wọn na ọwọ́ sí mi. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń nà án sí. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Kò sí yàrá tí a ó lò. Ibi tí a ti ń jẹun ti kún fún àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ alẹ́. Sítọ́ọ̀ nìkan ló kù, níbi tí páálí ife tó fẹ́ lọ sọ́jà ti ga dé òrùlé. Mẹ́gáàdì ní òun ò lè fi ilẹ̀kùn ibẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. "Tíṣà, ìwé dáa," ló wí, "ṣùgbọ́n ife náà dáa." Bí a bá ti wọlé tán, a ó gbọ́ gbà! Àgádágodo ti há. Yóò lọ kírun ìrọ̀lẹ́, yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó tó rántí pé èèyàn wà láàárín ife. Fèrèsé méjì ló wà lókè pátápátá, wọ́n fi irin dí wọn. Ológbò nìkan ló lè gba ibẹ̀ jáde, ológbò náà sì ní láti jẹ́ èyí tí Sáàpù ti bá jà.

Ṣé kí n purọ́? Ẹ̀rù ilé tí a tì ń bà mí láti kékeré. Mo gbé àga tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní kí gbogbo ènìyàn lè máa rí mi ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti ro ó tán nínú ara mi: ike àti páálí ló yí wa ká, bí iná bá ṣẹ́ yọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, èmi náà ni n ó sì kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ti tì í.

Bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹni tó bá mọ Yorùbá yóò ti mọ̀. Bàbá jókòó níwájú, lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, òun ló ń po àwọ̀ mọ́ ike, èékánná rẹ̀ máa ń pupa lọ́jọ́ kan, a sì máa dúdú bí aró lọ́jọ́ kejì. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó kù tẹ̀ lé e bí ọjọ́ orí wọn ṣe tò. Gìrìpá kan wà láàárín wọn tó ń lo ẹ̀rọ tó tóbi jù, ẹnu rẹ̀ mú, ọpọlọ rẹ̀ sì jí. Àwọn obìnrin ló wà lẹ́yìn, nínú òkùnkùn. Ẹni tó kẹ́yìn gbogbo wọn ni ìyá kan tó ń di ife sínú páálí. Ó fi ẹ̀yìn ti páálí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì lọ́sàn-án.

Ìṣirò ni mo kọ́kọ́ fún wọn, kí ojú lè là. Mo ní páálí mẹ́rin, ife méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ife mélòó ni? Bàbá gbójú sókè, ó fọwọ́ tún fìlà ṣe, ó ní, "Ogójì."

Mo wo gìrìpá. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ogójì, sà."

Mo bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Ogójì. Ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu bí àmín. Ó kan ìyá tó wà lẹ́yìn. Mo yọ̀, torí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tó ń kà bí kò ṣe ife méjìlá méjìlá láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ogójì ni, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

"Ìwọ tó ń dì í lójoojúmọ́! Bí o bá di páálí mẹ́rin, ogójì ife ló ń wà níbẹ̀?"

"Rárá o. Méjìdínláàádọ́ta ni."

"Kí ló wá dé tí o ní ogójì?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ti sọ̀rọ̀."

Gbogbo yàrá sì mi orí. Gìrìpá ní, "Bí Bàbá bá ní ogójì ni, níbo lèmi ti fẹ́ rí mẹ́jọ fi lé e?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú tì í díẹ̀. Mo padà sílé mo ń ro ó lójú ọ̀nà. Kò sí òpè nínú wọn. Ìwà ọmọlúàbí ló ń mú wọn gba òdo. Bí mo bá sì sọ pé kí wọ́n máa ta ko Bàbá, èmi gan-an ni wọ́n máa lé jáde, ìyẹn bí wọ́n bá rí ibi lé mi gbà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a níbi tó ti ń po àwọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ mi láyà. Mo ní, "Bàbá, níbi ìpàdé ẹbí, ta ló ń kádìí ọ̀rọ̀?"

"Àgbà ni."

"Ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ wí tẹnu wọn."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣáájú nínú kíláàsì mi? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wí tẹnu wọn, kí ẹ wá kádìí ẹ̀."

Ó gbọn àwọ̀ kúrò lọ́wọ́. "Tíṣà," ó ní, "o gọ̀ lójú, o ò gọ̀ níkùn. Dìde, aṣọ rẹ ti di ewé ẹ̀fọ́."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń di páálí ni yóò kọ́kọ́ dìde, Bàbá ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo gbé pátákó kúrò níwájú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, a sì fa wáyà gílóòbù tẹ̀ lé e. Ìwájú di ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin kùn, wọ́n ní òkùnkùn ń bo àwọn. Mo ní òkùnkùn náà ti ṣe díẹ̀ níhìn-ín kó tó wá sọ́dọ̀ yín. Ohun tí mi ò sọ ni pé gbígbé pátákó yìí ti gbé àga mi jìnnà sí ilẹ̀kùn. Alẹ́ ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ wọn, ilẹ̀kùn ni mò ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì mo dá ọgbọ́n kan: mo ní kí tíṣà máa rìn kiri. Bí mo bá sì rìn, mi ò mọ bó ṣe jẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Ìwé ń sá fún ìyá yìí. Ìṣirò kì í ṣòro fún un, ṣùgbọ́n bó bá di ká so lẹ́tà pọ̀, wọ́n a máa dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rọ tó fi ń lẹ ọ̀rá mọ́ páálí gbóná, ìka rẹ̀ a ti wú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oorun a sì máa gbé e. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa kó tó kógbá wọlé. Ó jókòó sílé ní Abúlé Ẹ̀gbá báyìí, ó ń tún rédíò tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá ṣe. Ohun tí obìnrin yìí bá gbé délé ni gbogbo ilé ń jẹ. Ìlọ́po méjì àkókò tí mo fi ń kọ́ àwọn yòókù ni mo fi ń kọ́ ọ, inú gìrìpá ò sì dùn sí i.

"Tíṣà, ṣé tirẹ̀ nìkan ni? Gbogbo wa la jọ wà nínú àgò yìí."

Mo ní, "Ìwọ tó ń lo ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú kan náà lo fi ń ṣe ife àti agbada oníke tí wọ́n fi ń fọṣọ?"

"Rárá. Agbada nípọn. Bí mo bá yọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo ń yọ ife, àárín rẹ̀ ò ní tíì dì."

"Bí o bá sì fi ife sílẹ̀ títí agbada á fi dì ńkọ́?"

"Mo kàn ń fi iná ṣòfò ni."

"Ṣé o ti gbọ́ ara rẹ?"

Ó gbọ́ ara rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. "Ṣé èmi wá ni ife?" ó bèèrè. Bàbá ní, "Ife tó lẹ́nu." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìkọ́ni kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ló kọ́ mi. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́, kó wá fi bírò kọ èyí sílẹ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Gìrìpá ti ń kàwé já gaara. Bàbá ń kà á bí ẹni tó ń tọ́ omi ọbẹ̀ wò, díẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣìnà. Gbogbo wọn ti ń kà á bó ti wù kó kéré mọ, àfi ìyá ẹ̀yìn, tó ń mọ̀ ọ́n lónìí tí kò mọ̀ ọ́n lọ́la.

Ìgbà náà ni máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù, òógùn mi sì gbẹ mọ́ mi lára bí gọ́ọ̀mù. Kò ní kí n jókòó, kò sì ní kí n dúró. Ó ní, "Tíṣà, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n ní kí n mú ọ̀nà kan wá tí kò ní fa ariwo. Kíláàsì rẹ ni mo rí. Mo máa wá dán wọn wò nírọ̀lẹ́ ọ̀la. Ẹni tó bá lè kà, ó dúró. Ẹni tí kò bá lè kà, a ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, àbí ó wà?"

Mo fẹ́ sọ fún un nípa ife àti agbada. Ẹnu mi là, ohun tó jáde ni, "Kò sí, sà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ta sí wọn létí, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bẹ̀ pé kí o máa lọ."

"Rárá o, sà." Mo tún tẹríba fún tábìlì bí mo ṣe ń jáde.

Ẹ wo ìdẹkùn. Mo ti rò pé kí n gbé àwọn tó wà lẹ́yìn síwájú, àfi bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi hun asẹ́ tí wọ́n máa fi jọ̀ wọ́n dànù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò kọ́ ẹlòmíràn. Mo jókòó ti ìyá ẹ̀yìn, mò ń rọ́ lẹ́tà sí i létí bí ẹni ń rọ́ àgbo sí ọmọ lẹ́nu. Bí mo ṣe ń yára ni tirẹ̀ ń dàrú. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe yín lónìí?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá ní, "Tíṣà, kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Nǹkan tí kò sí kì í mú èèyàn làágùn báyìí."

Nígbà tí mẹ́gáàdì ṣílẹ̀kùn, a tò sí géètì kí wọ́n lè yẹ ara wa wò. Bàbá wà lẹ́yìn mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè tú àpò rẹ̀, ó sì rọra bèèrè, bí ẹni tó ń bèèrè bójò máa rọ̀, "Ṣé wọ́n fẹ́ yọ èèyàn ni?"

Mo ń wo bàtà mi.

"Ṣé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi yọ wọ́n?"

Bàtà yẹn ti gbó, ìgbà yẹn ni mo rí i dáadáa. Bàbá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Lọ sùn." Ta ló sùn?

Ọjọ́ kejì pé. Máníjà wọlé pẹ̀lú àwa yòókù, ó fi ìwé ìròyìn Yorùbá kan há abíyá. Kó tó kọjú sí wa ni mẹ́gáàdì, tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí, ti fa ilẹ̀kùn dé. Gbà!

Máníjà yíjú padà. "Kí nìyẹn?"

"Àgádágodo ni, sà," ni mo wí.

"Wọ́n ti ti èmi náà mọ́bí?"

"Yóò ṣí i tó bá kírun tán, sà."

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa wà lára rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sí pátákó pé: Má fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ rẹwà. Ó ní kí ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá ẹ̀yìn dìde, torí òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ó na ìka tó wú sí pátákó, ètè rẹ̀ ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́.

Bàbá wúkọ́. "Ìyàwó wa," ló wí, "jókòó. Àgbà wà níbí."

Obìnrin náà jókòó. Bàbá dìde, ó tún fìlà ṣe, ó wo pátákó náà láti òkè délẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá di ojú rẹ̀, yóò kà á. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n bí i báwo? Láti ìgbà tí ẹ ti ń wá síbí?"

"Orí ti gbó, ọmọ mi. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde."

Jáde kẹ̀! Nínú yàrá tí nǹkan kan ò ti lè jáde.

Máníjà yíjú sí gìrìpá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ọmọkùnrin yìí: ó ti ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá kan máa gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Ó ti fá irùngbọ̀n wá. Ó wo pátákó, ó wo Bàbá, Bàbá ò wò ó. Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n tó fá.

"Ọ̀gá," ó ní, "bí Bàbá ò bá mọ̀ ọ́n, níbo lèmi ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu dé ẹnu bí ti ogójì ìjọ́sí. Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe kan ìyá ẹ̀yìn, ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà." Òun nìkan ló sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà.

Máníjà sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Tíṣà. Kí lo wá ń kọ́ wọn?"

Ẹ̀yin ará mi, ìwé náà ni iyì kan ṣoṣo tí mo ní. Ní àdúgbò wa ní Agége, tíṣà ni wọ́n ń pè mí, àwọn ìyàwó ilé ti ń gbé lẹ́tà wá kí n kà á fún wọn. Tí mo bá ní wọ́n mọ̀ ọ́n, obìnrin yìí á lọ sílé lọ bá rédíò. Tí mo bá ní wọn ò mọ̀ ọ́n, olè àkókò ni mí. Mo wo ilẹ̀kùn. Kò yí padà.

"Sà," ni mo wí, "mo gbìyànjú. Kò wọ̀ wọ́n lórí. Èmi gan-an, ìwé tí mo kà, kò tó nǹkan."

Máníjà lọ gbá ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó tún gbá a. Ó wá jókòó sórí páálí, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe yín nìyí?"

"Lójoojúmọ́ ni, sà," ni ìyá ẹ̀yìn wí.

"Bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́?"

Gìrìpá ní, "Tíṣà ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, sà. Ó ti ń múra sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan Bàbá. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Mo sì ń rò pé mò ń fi ẹ̀rù mi pa mọ́.

Ooru mú. Máníjà gbé ìwé ìròyìn náà lé orí ẹsẹ̀, ó ń nu ojú. Gìrìpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i tí ojú ọmọkùnrin náà ń rìn lọ sórí ìwé yẹn, láti apá kan dé apá kejì, bí ojú ẹni tó ti mọ ọ̀nà. Mo wúkọ́, kò gbọ́. Ojú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó bá pòṣé: "Ṣíọ̀! Wọ́n tún ti fowó lé epo!"

A gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ́nà jíjìn.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni máníjà bèèrè.

"Àwòrán ni mò ń wò, sà."

Máníjà wo ìwé náà. Kò sí àwòrán kankan lójú ibi tó ṣí. Ó gbójú sókè wo gìrìpá, ó wo Bàbá, ó wo ìyá tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìka rẹ̀, ó wá wò mí. Ó pẹ́ lójú mi. Mi ò mọ ohun tó rò. Òun náà ní àwọn tó ń retí èsì lọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà, láti ìta ni wọ́n ti ń tì í. Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó fi há abíyá.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dún, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, iṣẹ́ rẹ ò dára rárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lọ́nà yẹn. Wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ gbogbo wa kù, a sì jọ pín ebi náà. Wọ́n ti kíláàsì pa, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn páálí nìkan nínú. Èmi, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ife tó bàjẹ́, tó ń pariwo bí ẹni pé wọ́n ń fa eyín òkúta. Gìrìpá ò kí mi fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi níwèé, Bàbá ló gbà á padà. Kí lèmi wá jẹ níbẹ̀?" Bí wọ́n bá dúró de agbada títí tó fi dì, ife náà ní ohun tó pàdánù. Èyí kò sí nínú ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá tó ń di páálí ló máa ń ru ife tó fọ́ wá fún mi. Lọ́jọ́ kan, Bàbá tẹ̀ lé e wá gba afẹ́fẹ́. Ìkìlọ̀ wà lára ẹ̀rọ tèmi náà, ẹnìkan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i. Obìnrin náà sọ àpò kalẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó na ìka. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́, bóyá ọ̀gá kan wà nítòsí. Wáyà àti ògiri ni mo rí. Mo pa ẹ̀rọ kí n lè gbọ́.

"Má," ó wí. Ó sinmi. "Má fi. Má fi ọwọ́…"

Bàbá ti mọ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró, kò ràn án lọ́wọ́, kò wúkọ́. Obìnrin náà ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ó padà, ó tún un gbà. Ó pẹ́ púpọ̀. Gbogbo bó ṣe ń pẹ́ ni mò ń wo ojú ọ̀nà, òógùn ń bọ́ lára mi. Nígbà tó kà á dé òpin, ó yíjú sí Bàbá, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí," ni Bàbá dáhùn, ó sì kà á tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo tan ẹ̀rọ padà kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìdí tó fi dákẹ́.